Nígbà tí awakọ̀ bàálù bá rí ohun tí kò dá mọ̀: bí a ṣe ń tọpasẹ̀ rẹ̀

Lóru ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2011, bàálù Air Canada kan tó gbéra láti Toronto ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Zurich. Igbákejì awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ráńpẹ́ ni, oorun ṣì kún ojú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé bàálù ológun Amẹ́ríkà kan ń bọ̀ níwájú, pé abẹ́ wọn ni yóò gbà kọjá, àlàfo ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà sì wà láàárín. Igbákejì wo iwájú, ó rí ìmọ́lẹ̀ kan, ó gbà pé òun nìyẹn. Àgùàlà ló rí. Ọ̀gá tún un sọ pé ìsàlẹ̀ ni kó wò. Nígbà tó wá rí bàálù náà gan-an, ojú rẹ̀ sọ fún un pé òkè ló wà, pé ó ń já bọ̀ wá bá wọn. Ó ti ọ̀pá ìdarí síwájú, imú bàálù wọn dorí kodò. Èrò 14 àti òṣìṣẹ́ inú bàálù 2 ló fara pa.

Mo fẹ́ kí ẹ di ìtàn yìí mú bí a ṣe ń lọ. Ọkùnrin yẹn kò purọ́, kò mutí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú òkùnkùn, níbi tí kò sí igi, tí kò sí òrùlé, tí kò sí nǹkan kan tí a lè fi ìmọ́lẹ̀ wé, ojú èèyàn kò lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Bí a kò bá sì mọ bó ṣe jìnnà tó, a kò lè mọ bó ṣe tóbi tó, a kò lè mọ bó ṣe ń sáré tó. Gbogbo ìwádìí lórí UFO, ìyẹn ohun tó ń fò tí a kò dá mọ̀, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ rẹ̀ títí di òní, orí ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí ló ń yí ká.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Awakọ̀ bàálù ń rìn jìnnà ju gbogbo wa lọ, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ohun tó bá ní òun rí. Ẹni tó fi í ṣe ẹ̀rín kò ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó sáré pariwo pé ará ayé mìíràn ti dé, òun náà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí àwọn méjèèjì ti parí ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ: ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀, oníròyìn, tàbí ẹni tí wọ́n kàn fi fídíò kan ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp tó fẹ́ mọ ohun tí yóò béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ ná. Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1947 ni Kenneth Arnold, tó ń fi bàálù kékeré rẹ̀ fò nítòsí òkè Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington, rí nǹkan mẹ́sàn-án tó ń kọ mànà lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń fò dà bí ìgbà tí èèyàn bá ju àwo pẹrẹsẹ sójú omi tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ. Ìrìn wọn ló fi wé àwo. Àwọn ìwé ìròyìn sọ ọ́ di ìrísí wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwo tó ń fò. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà kó tó kúrò lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ dé orí bébà! UAP ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń pè é báyìí. Èmi yóò máa pè é ní ohun àìdámọ̀, torí pé ohun tí ìwé wọn ń sọ náà nìyẹn: a kò tíì dá a mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di ìtàn

Bàálù ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ bójú tó. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé rédíò, tí yóò sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ pé mo rí nǹkan báyìí, ní ibi báyìí. Ní Amẹ́ríkà, adarí náà á sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, FAA á sì fi ránṣẹ́ sí AARO, ẹ̀ka tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun dá sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022 fún iṣẹ́ yìí. Ní Bìrìtìkó, àwọn ológun ti ti ẹ̀ka tó ń gba ìròyìn UFO lọ́dọ̀ wọn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ṣùgbọ́n bí ohun kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu bàálù, ìgbìmọ̀ Airprox á gbọ́ ọ, ohun yòówù kó jẹ́. Ní Nàìjíríà, NAMA ló ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú, NCAA ló ń mójú tó òfin ààbò, NSIB ló sì ń ṣèwádìí ìjàǹbá. Ọ̀nà tí awakọ̀ ń gbà ròyìn ohun tó bá dí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà náà ló yẹ kó gbà.

Ìtìjú ló ń pa ìròyìn púpọ̀. Awakọ̀ ń rò ó pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní orí òun ti ń yí. Ryan Graves, tó wa ọkọ̀ òfurufú ogun F/A-18 fún àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, sọ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù keje ọdún 2023 pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń rí nǹkan lójú òfurufú létí òkun Virginia léraléra, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó yanjú tí wọ́n lè gbà ròyìn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 tí NASA gbé kalẹ̀ dábàá nínú àbọ̀ wọn lọ́dún 2023 pé kí a máa lo ASRS, ètò tí awakọ̀ ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí láti ọdún 1976, níbi tí wọ́n ti máa ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ohun tí awakọ̀ bá rí tó sì gbé mì lè jẹ́ dúróònù tí yóò wọ inú ẹ́ńjìnnì bàálù mìíràn lọ́la.

Ní ti ohun tí a ń kọ, ẹ gba ìwé àti bírò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, ẹ lo aago UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, nítorí òun ni réédà àti sátẹ́láìtì ń lò. Ẹ kọ ibi tí bàálù wà, bó ṣe ga tó, ibi tó kọjú sí, eré tó ń sá. Ẹ wá kọ ibi tí nǹkan náà wà sí yín: aago méjìlá ni iwájú gan-an, aago mẹ́ta ni apá ọ̀tún. Ẹ na ọwọ́ yín tán, ẹ di ìkúùkù: ìkúùkù yẹn fẹ̀ tó dígírì 10 lójú ọ̀run, ìka ọmọńdinrín tó dígírì 1, òṣùpá sì jẹ́ ìdajì dígírì. Ẹ fi ìyẹn wọn bó ṣe ga sí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ẹ kọ bóyá ó yí ipò padà lójú gíláàsì nígbà tí ẹ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé iná inú yàrá awakọ̀ máa ń tàn sórí gíláàsì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, bó ti wù kó burẹ́wà tó.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ bí ẹni tó dá yín lójú: pé ó tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, pé ó jìnnà tó máìlì márùn-ún. Ìkúùkù àti ìka ni kí ẹ fi sọ ọ́. Tí ẹ bá ti kọ máìlì márùn-ún sílẹ̀, gbogbo ìṣirò tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn náà á dúró lórí ohun tí ojú yín kò lè mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ọ̀ràn tó fi èyí hàn tó ti bàálù Japan Air Lines 1628.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1986 ni. Boeing 747 akẹ́rù ni bàálù náà, wáìnì ilẹ̀ Faransé ló kó láti Paris lọ sí Tokyo, ó ti yà ní Reykjavik, ó sì forí lé Anchorage ní Alaska. Àwọn mẹ́ta ló wà níwájú: ọ̀gá awakọ̀ Kenju Terauchi, igbákejì rẹ̀ àti ẹnjiníà. Oòrùn ti wọ̀, wọ́n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000. Wọ́n rí àwọn ìmọ́lẹ̀ lápá òsì, tó dà bí ẹni pé ó ń bá wọn rìn. Nígbà tó yá, Terauchi ní òun rí ohun ńlá kan lẹ́yìn wọn tó tóbi ju bàálù àwọn lọ fíìfíì, ó tó ìlọ́po méjì ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ̀ òfurufú ológun ń bà lé.

Ohun tí àwọn adarí ṣe lórí ilẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò, ẹ̀kọ́ ni. Adarí Anchorage kò bá a jiyàn, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo réédà, ó rí àmì kan tó ń wá tó ń lọ nítòsí bàálù náà. Ó pe àwọn ológun, wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn náà rí nǹkan, wọ́n tún padà wá ní ariwo ojú réédà lásán ni. Ó gba awakọ̀ láyè kó sọ̀ kalẹ̀, kó yà, kó tilẹ̀ yí po ní òdindi. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó gbọ́n jù: ó ní kí bàálù iléeṣẹ́ United kan tó wà nítòsí súnmọ́ wọn kó wò. Àwọn yẹn rí 747 náà kedere, wọn kò rí ohun mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàálù ológun C-130 kan wò pẹ̀lú, kò rí nǹkan.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, FAA fi ọ̀rọ̀ wá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun ńlá yẹn, ọ̀gá nìkan ló ṣàpèjúwe rẹ̀ bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí wọ́n bá kó wọn jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni yóò borí? Igbákejì wo ni yóò bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn lójú àlejò? Nínú oṣù kẹta ọdún 1987 ni FAA kéde pé àwọn kò lè fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìròyìn sọ pé wọ́n gbé Terauchi kúrò nínú bàálù lọ sídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà. Bóyá ó ṣi ohun tó rí mọ̀, bóyá kò ṣì í mọ̀, ó ròyìn bó ṣe yẹ kí awakọ̀ ròyìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wo ojú ọ̀run alẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ ṣí ètò ìràwọ̀ kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, Stellarium dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi ọjọ́, aago àti ibi tí bàálù wà sí i, kí ẹ wo ibi tí awakọ̀ kọjú sí.

Àgùàlà ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Àwọn baba wa tó ń pè é ní ajá òṣùpá ti mọ̀ pé ó máa ń dà bí ohun tó ń bá èèyàn rìn. Bí ẹ bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò lálẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, igi ẹ̀gbẹ́ títì á máa sáré padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òṣùpá á máa bá yín lọ, yóò yà níbi tí mọ́tò bá yà. Jíjìnnà rẹ̀ ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tẹ̀lé bàálù fún ogún ìṣẹ́jú láìsúnmọ́, láìjìnnà, ẹ fura pé ó jìnnà réré.

Ṣùgbọ́n àgùàlà kì í ṣe ìdáhùn tí a ń fi pa ẹnu èèyàn dé. Ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1948, awakọ̀ ológun Thomas Mantell lé ohun kan lókè Kentucky láìní ọ́síjìn nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gòkè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 20,000, ó sì kú nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ já. Àwọn ológun kọ́kọ́ ní àgùàlà ló ń lé. Ọ̀sán gangan ni o! Àgùàlà wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ débi pé ó ṣòro kí èèyàn rí i lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ aṣèwádìí wá gbà lẹ́yìn náà ni pé Skyhook ni, fèrè ńláńlá (bàlúùnù) tí àwọn ológun ojú omi ń fi ránṣẹ́ sókè ní ìkọ̀kọ̀ nígbà náà. Ohun tó ga fíìfíì ju ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ lè dé lọ ni ó rò pé ọwọ́ òun yóò tó.

Sátẹ́láìtì ló tẹ̀ lé e. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2019 tí Starlink, àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè lọ́pọ̀, ìròyìn awakọ̀ ti yí padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ ní àdúgbò wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé, “Bọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan!” Mo jáde. Ìmọ́lẹ̀ bí ogún tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdún rárá. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí tó ṣíwájú dé ibì kan lójú ọ̀run, ó kú fẹ́ẹ́. Èkejì dé ibẹ̀ gan-an, òun náà kú. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ibì kan náà. Òjìji ayé ni wọ́n ń wọ̀. Oòrùn ló ń tàn sí wọn lára lókè lọ́hùn-ún nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ wa lórí. Tí wọ́n bá ti kọjá sínú òjìji ayé, iná wọn á kú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí ìmọ́lẹ̀ tó pòórá, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti pòórá.

Ti awakọ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Láti òkè gíga, wọ́n máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yòò, tó ń kú, tó tún ń tàn, bí ẹni pé nǹkan méjì mẹ́ta ń yí ara wọn po. Sátẹ́láìtì kan ló ń tàn, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi lè dá a mọ̀ ni pé apá ibi tí oòrùn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni yóò máa jẹ́. AARO ti so àwọn ìròyìn kan mọ́ Starlink nínú àbọ̀ wọn ọdún 2024.

Ìràwọ̀ tó ń já kì í pẹ́: ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Àwọn awakọ̀ tó sọ̀rọ̀ sí ilé ìdarí Shannon ní Ireland ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, pé ìmọ́lẹ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní eré tó bani lẹ́rù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ ni wọ́n rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: béèrè lọ́wọ́ atẹ́gùn

Fèrè pọ̀ lójú òfurufú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Káàkiri ayé ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń fi fèrè ránṣẹ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, aago 00 àti aago 12 UTC, tó jẹ́ aago kan òru àti aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ga tó kìlómítà 30 kó tó bẹ́, bó sì ṣe ń gòkè ló ń wú sí i. Ẹ wá bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lọ́jọ́ náà ní òkè ibi tí a ń sọ. Bí ohun náà bá ń bá atẹ́gùn lọ ní eré atẹ́gùn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bó bá ń lọ lòdì sí atẹ́gùn, tí ó sì dá yín lójú bẹ́ẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ ìyẹn, ó ṣe pàtàkì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: réédà

Oríṣi réédà méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Èkíní ń ju ìgbì jáde, ìgbì á kọlu ara ohunkóhun, á padà wá. Èkejì ń béèrè ni, ẹ̀rọ inú bàálù á sì dá a lóhùn pé èmi lágbájá nìyí, báyìí ni mo ga tó. Fèrè kì í dáhùn, ẹyẹ kì í dáhùn. Èkíní nìkan ló lè rí ohun àìdámọ̀, òun náà sì máa ń rí òjò, ẹyẹ àti òkè.

Nínú ọ̀ràn Terauchi, FAA gbé àkọsílẹ̀ réédà lọ sí ilé ìwádìí wọn ní Atlantic City. Àbájáde wọn ni pé bàálù náà fúnra rẹ̀ ló yọ méjì: èsì ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìgbì tó padà láti ara rẹ̀ kò bọ́ sójú kan náà, ló bá dà bí ẹni pé nǹkan kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé èèyàn ló ń yan ohun tí réédà yóò fi hàn. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà yìnbọn já fèrè ilẹ̀ Ṣáínà bọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n tú asẹ́ réédà wọn sílẹ̀ kó lè máa fi ohun kékeré tó ń falẹ̀ hàn. Láàárín ọjọ́ 10 sí 12 oṣù náà, wọ́n já nǹkan mẹ́ta mìíràn bọ́. Kò dájú pé ojú ọ̀run kún sí i. Asẹ́ ni ojú rẹ̀ fẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fídíò, pẹ̀lú ìṣirò

Ẹ mú fídíò tí wọ́n ń pè ní Go Fast. Oṣù kìíní ọdún 2015 ni ọkọ̀ F/A-18 kan yà á létí òkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìjọba sì gbé e jáde pẹ̀lú méjì mìíràn. Ohun funfun kékeré kan ń sáré fíìfíì lójú omi, àwọn awakọ̀ ń pariwo. Ẹni tó bá wò ó yóò ní kò sí ohun tí ọmọ aráyé ṣe tó lè sáré bẹ́ẹ̀ lórí òkun.

Ẹ dá fídíò dúró, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Ọkọ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 25,000. Kámẹ́rà ń wo ìsàlẹ̀ ní dígírì 26. Jíjìnnà ohun náà jẹ́ 4.4 ní máìlì ojú omi. Níbí yìí, ẹ̀rọ ti wọn jíjìnnà fún wa, ohun tí ojú kò lè ṣe. Máìlì ojú omi kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,076, nítorí náà 4.4 á fún wa ní nǹkan bí 26,700. Ẹ lo sáìnì tí a kọ́ níléèwé: sáìnì dígírì 26 jẹ́ 0.438. Ẹ sọ 26,700 di ìlọ́po 0.438, ẹ ó rí nǹkan bí 11,700. Bí ohun náà ṣe rẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 25,000: ó ku nǹkan bí 13,300.

Ohun tí gbogbo ayé ní ó ń ra omi kọjá, ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 13,000 ló fi ga sí omi. Eré tí ẹ ń rí, eré ọkọ̀ tó ń yà á ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ títì Ọ̀yọ́ náà ni: mọ́tò ló ń sáré, igi dúró. Ìgbìmọ̀ NASA ṣe ìṣirò náà dé ìparí, wọ́n ní ohun náà rìn nǹkan bí mítà 390 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 22. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí máìlì 40 ní wákàtí kan, eré tí atẹ́gùn lásán lè fi gbé nǹkan ní gíga yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé a ṣì lè má mọ ohun tó jẹ́, bóyá ẹyẹ, bóyá fèrè. Ṣùgbọ́n ìyanu tó wà nínú rẹ̀ ti lọ pẹ̀lú ìlà ìṣirò mẹ́ta. Fídíò tí kò bá ní nọ́ńbà, tí kò sọ ibi tí wọ́n ti yà á àti aago, kò sí ohun tí a lè fi í ṣe, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdájọ́

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti GEIPAN, ẹ̀ka tí àjọ òfurufú Faransé dá sílẹ̀ ní Toulouse lọ́dún 1977. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín ọ̀ràn sí. A: a ti dá a mọ̀ pátápátá. B: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan báyìí. C: ẹ̀rí kò tó láti sọ ohunkóhun. D: ẹ̀rí tó, a yẹ̀ ẹ́ wò, a kò sì dá a mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín C àti D yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Wọ́n sì ń gbé fáìlì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2007 kí gbogbo ayé lè yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Ẹ fi ìyẹn ka àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń gbọ́. Àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà kó ìròyìn 12,618 jọ láàárín ọdún 1947 sí 1969, nínú ètò ìwádìí tí wọ́n wá ń pè ní Blue Book nígbẹ̀yìn. 701 ni wọn kò dá mọ̀. Àbọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021 yẹ 144 wò, ẹyọ kan péré ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé: fèrè ńlá tó ń tú. Ẹnì kan lè ka èyí kó ní ohun 143 láti ayé mìíràn wà. Ẹ ka àbọ̀ náà, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ìsọfúnni kò tó. C ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe D.

Ọ̀ràn kan ṣì wà tí n kò lè pa fáìlì rẹ̀ dé. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2004, létí òkun San Diego, réédà ọkọ̀ ojú omi ológun USS Princeton ti ń rí àmì kan fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní kí ọkọ̀ òfurufú méjì láti USS Nimitz lọ wò ó. David Fravor àti Alex Dietrich ló wà wọ́n, ẹnì kejì sì wà lẹ́yìn oníkálukú wọn: èèyàn mẹ́rin, nínú ọkọ̀ méjì, láti ibi méjì, ní ọ̀sán tí ojú ọjọ́ mọ́. Fravor ní ohun funfun kan tó gùn bíi swíìtì Tic Tac, tí kò ní apá, ń mì síwá sẹ́yìn lókè omi tó ń hó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́, ó gòkè pàdé rẹ̀, lẹ́yìn náà ló lọ fẹ́ẹ́.

Ẹ fi gbogbo ìgbésẹ̀ tí a ti sọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àgùàlà kọ́, sátẹ́láìtì kọ́. Rírí tí wọ́n rí i láti ibi méjì fún un ní ohun tí Terauchi kò ní. Ṣùgbọ́n jíjìnnà rẹ̀, gígùn rẹ̀, bó ṣe yára tó, ojú ló wọn gbogbo rẹ̀. Fídíò tí a ní, awakọ̀ mìíràn ló yà á nígbà tó yá lọ́jọ́ kan náà. Àkọsílẹ̀ réédà Princeton, tí ìbá sọ jíjìnnà fún wa bí nọ́ńbà ojú Go Fast ṣe sọ ọ́, kò sí ní gbangba. Bí wọ́n bá fún mi ní bírò, C ni mo máa kọ sí i lórí, màá sì fi òǹtẹ̀ pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: ẹ wá réédà náà wá.